Àgúnmu Tí A Kò Rán Níṣẹ́

Ẹsẹ̀ Aisha kò balẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó nu tábìlì títí aṣọ ìnutábìlì fi gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé, ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ọkọ̀ ojú irin onínọ́ńbà mẹ́fà ń kọjá lórí afárá tó gba òkè títì Westchester, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n. Ó ti da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí fìríìjì, bí ẹni pé bí òun kò bá rí ojú rẹ̀, ohun tí òun gbọ́ níbẹ̀ kò ní jẹ́ òótọ́.

Ohun tó gbọ́ ni pé àwọn aláṣẹ ti dá ọjà Ìyá Àgbà dúró ní Dublin.

Àgúnmu ni ọjà ọ̀hún. Sìlífátù, ìyá tó bí ìyá Aisha, ló ń gún un. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Soundview lókè òkun débi pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò máa ń rò pé wọ́n kọ́ ilé náà bá a níbẹ̀ ni. Àwọn awakọ̀, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ dúró látàárọ̀ dalẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n máa ń ti àdúgbò Canarsie àti Springfield Gardens wá bá a. Bó bá ti ń wọn àgúnmu sínú ọ̀rá fún wọn, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́: èyí á bá ọ lé làkúrègbé, èyí á bá ọ kìlọ̀ fún jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sí ìwé kankan lára ọ̀rá náà. Ẹnu Sìlífátù ni ìwé ara rẹ̀.

Ó sì ní òfin kan tí Ráfátù, ìyá tirẹ̀, fi lé e lọ́wọ́. Bí yóò bá gbé ọmọ odó sókè, á ṣe Bìsìmílà. Bí ọmọ odó bá wá ń lọ tó ń bọ̀, á máa bá àgúnmu sọ̀rọ̀, á máa dárúkọ gbogbo ibi tó ń rán an lọ fún un. "Àgúnmu tí a kò rán níṣẹ́, eruku ni," bí Ráfátù ṣe máa ń wí nìyẹn. "Ẹ̀ẹ́rù kì í ṣe aríran. Ìyèré kò mọ ilé aláìsàn. Ìwọ tí o gún un ni kí o júwe ọ̀nà fún un."

Aisha ní tirẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ètè rẹ̀ tán, á yí padà bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò dúró kí wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n bó bá di ká fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sẹ́ni tó lè bá a du ú. Òun ló fi ìka wá Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí kàn, ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù egbòogi àti fítámì ní Dublin. Òun ló gba àyè nínú ilé ìdáná Sharon, obìnrin Jàmáíkà tó ń ṣe ata inú ìgò, nítorí pé ibẹ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Òun náà ló ṣe ìwé ara ìgò, tó sì fi orúkọ ìyá Sìlífátù sí i: Àgúnmu Ìyá Ráfátù.

Bí Dublin bá gba ọjà yìí, Aisha ti ríṣẹ́ nìyẹn. Á máa bá Ìyá Àgbà gún, á máa dì, á máa fi ránṣẹ́, kò ní sí ìdí tó fi máa bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Dublin kò bá gbà á, iléeṣẹ́ kan tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó ti ní kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà burú. Ta ló ń tọ́jú arúgbó jù ú lọ? Ṣùgbọ́n kó máa wọ ilé ẹni tí kò mọ̀ rí, kó máa rẹ́rìn-ín sí wọn, kó máa bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa, kó máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi lé ìdákẹ́jẹ́ lọ!

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí kò kúkú fi òfin pamọ́ fún un. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé ní ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tí èèyàn bá ní ó ń wo àìsàn, oògùn ló pè é yẹn, oògùn sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó dé orí igbá. Ẹni tí kò bá lè gba àṣẹ oògùn, kó pe tirẹ̀ ní àfikún oúnjẹ, bíi ti fítámì. Ṣùgbọ́n àfikún oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn. Aisha gbọ́ ọ yé. Ó yọ jẹ̀díjẹ̀dí kúrò lára ìwé, ó yọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó yọ àtọ̀gbẹ. Ohun tó kù síbẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ́rù, ìyèré, kànáfùrù, àìdan àti atalẹ̀, àti bí wọn ó ṣe bù ú sínú omi gbígbóná.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà béèrè fídíò, kí àwọn oníbàárà lè fojú rí i pé ibi tó mọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Aisha fi fóònù ya Ìyá Àgbà: nẹ́ẹ̀tì irun lórí ìborùn, ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, odó lórí tábìlì irin tó ń dán yanran. Ó wò ó, ó rí i pé ó mọ́, ó fi ránṣẹ́. Kò fetí sí i. Ta ló ń fetí sí ohùn tí wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ sùn láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́? Ohùn Ìyá Àgbà nídìí odó, bí ìró omi nínú páìpù ara ògiri ló rí létí Aisha.

Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí ló wá la etí rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

"Aisha, ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Kí ló dé, sà?"

"Fídíò màmá ni. Mo gbé e sójú ìwé wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé fẹ́ràn ẹ̀. Àfi bí Susan ṣe dé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan tó máa ń ra fítámì lọ́wọ́ mi. Inú ẹ̀ dùn, ló bá tú gbogbo ọ̀rọ̀ màmá sí èdè Òyìnbó sábẹ́ fídíò, kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lè bá a gbádùn ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá! Jẹ̀díjẹ̀dí, gbẹ́rù ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Àtọ̀gbẹ, ọ̀nà ẹ nìyẹn."

"Háà."

"Háà náà ni mo ṣe nígbà tí Òyìnbó aláṣẹ wọlé tọ̀ mí wá."

"Ṣùgbọ́n kò sí àìsàn kankan lára ìgò, sà. Mo yọ gbogbo ẹ̀."

"Ìgò nìkan lòfin mọ̀? Ohun tó wà lára ìgò, ohun tó wà nínú ìpolówó, ohun tó jáde lẹ́nu ẹni tó ń tà á, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Gbọ́, kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Ẹnìkan á ka ọ̀rọ̀ màmá yẹn, á da hóró oògùn tí dókítà fún un nù. Bó bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa mú?" Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ti kó gbogbo ìgò sí yàrá ẹ̀yìn. Fídíò mìíràn ni mo fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, èyí tí kò sọ nǹkan kan. Kí ẹni tó gún un sì fọwọ́ síwèé pé òun kò pe ọjà yìí ní oògùn, kì í ṣe lára ìgò, kì í ṣe lẹ́nu. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n dá a padà tàbí kí wọ́n dà á nù. Bá mi bẹ màmá."

Ìdí tí Aisha fi ń nu tábìlì tó ti mọ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà wà nínú yàrá, ó ń wọṣọ. Lónìí ni wọ́n tún ń lọ sí ilé ìdáná Sharon. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Aisha rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà.

Agogo ẹnu ọ̀nà dún. Àjàlá ló dé, awakọ̀ takisí, ọmọ Ìbàdàn, oníbàárà Ìyá Àgbà láti ọjọ́ pípẹ́. Òun ló máa ń gbé wọn lọ. Ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó ń rìn bí ẹni tó gbé agbada epo rù.

"Ẹ káàárọ̀, Alàájà o! Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro ti dé o!"

"Àjàlá, ohùn rẹ kò jọ ti ẹni tí nǹkan kan ń ro," Sìlífátù dáhùn láti inú yàrá. "Ṣé o lo hóró dókítà rẹ láàárọ̀?"

"Mo lò ó, ẹ̀yin ìyá."

"Bó o bá fi í sílẹ̀, má wá síbí mọ́ o. Àgúnmu mi kì í bá dókítà jà."

Àjàlá yíjú sí Aisha. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ dáadáa? Kí ló ṣe ojú rẹ bí ìgbà tí wọ́n gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò sí nǹkan, bọ̀dá."

"Kò sí nǹkan, o wá ń fi aṣọ gbẹ́ tábìlì báyẹn?"

Bóyá nítorí pé Àjàlá wà níbẹ̀ ni, bóyá nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kún un dé ọ̀fun, Aisha kò mọ̀. Nígbà tí Ìyá Àgbà jáde, tó ń so ìborùn rẹ̀, ló la ẹnu. Ó sọ ti Susan, ó sọ ti Òyìnbó aláṣẹ, ó sọ ti yàrá ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé Àjàlá ní láti tẹ̀ síwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ké.

Sìlífátù jókòó. Ó fi ìka pa etí ìborùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí itan.

"Ṣé wọ́n ní àgúnmu mi pa ẹnìkan ni?"

"Rárá, Ìyá Àgbà."

"Wọ́n ní ó dọ̀tí?"

"Rárá o. Wọ́n ní ẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀."

Àjàlá bú sẹ́rìn-ín, ó di ìbàdí mú. "Ṣé odi ni wọ́n fẹ́ kí Alàájà dà ni?"

"Ọ̀nà kan tún wà," Aisha tètè sọ. "Wọ́n ní àṣẹ fún egbòogi ìbílẹ̀. Bí èèyàn bá lè fi hàn pé wọ́n ti ń lò ó fún ọgbọ̀n ọdún…"

"Ọgbọ̀n ọdún?" Ojú Sìlífátù mọ́lẹ̀. "Ìyá mi ti fún mi mu kí n tó lè jókòó. Pè wọ́n. Jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

"…kí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹ̀ sì jẹ́ ní Yúróòpù níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ mi," Àjàlá wí, "wọ́n ní àgúnmu kò lè wọlé àfi bó bá ti gbé inú ilé náà fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Báwo ló ṣe máa gbé inú ilé tí wọn ò jẹ́ kó wọ̀?"

"Bóyá kó fo fèrèsé," Sìlífátù dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé ojú. Ó bojú wo Aisha. "Kí ni wọ́n wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí ẹ gún un, kí ẹ dákẹ́. Kí ẹ sì fọwọ́ síwèé."

"Ó rọrùn," ni Àjàlá wí. "Ẹ bá a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yín nílé níbí, kí ẹ dé ọ̀hún kí ẹ pa ẹnu dé. Ta ló máa mọ̀?"

"Àjàlá, mo ti lọ sí Mẹ́kà." Sìlífátù dìde. "Kí n wá fọwọ́ síwèé pé n kò sọ ohun tí mo sọ? Gbé ọkọ̀ rẹ wá, jẹ́ ká lọ. Bó bá ṣeé dákẹ́, màá dákẹ́. N kò tíì gbìyànjú ẹ̀ wò rí ni."

Nínú ọkọ̀, Aisha kò lè jókòó dáadáa. Ó ń ká ìgbànú ìjókòó mọ́ ìka, ó ń tú u. Ó ń wo Ìyá Àgbà nínú dígí iwájú. Ètè arúgbó náà ń mì pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Kò dájú bóyá tẹ̀sùbáà ló ń kà tàbí ó ń kọ́ ẹnu rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́.

Ní ilé ìdáná, òórùn ata Sharon ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Sharon fúnra rẹ̀ wà ní apá kejì, ó ń fọ ìkòkò, ó juwọ́ sí wọn. Aisha gbé odó sórí tábìlì irin. Ó to ẹ̀ẹ́rù àti kànáfùrù kalẹ̀, ó gbé fóònù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Àjàlá fara ti ògiri, nẹ́ẹ̀tì irun lórí òun náà bí ìyàwó ilé.

"Ó ti ń yà, Ìyá Àgbà."

"Bìsìmílà," Sìlífátù wí. Ó gbé ọmọ odó sókè.

Ó gún un lẹ́ẹ̀kan. Ó tún gún un. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ le bí ẹni tó di ikọ́ mọ́ra. Ọmọ odó ń lọ, kò ní ìwọ̀n kankan, ó ń kan etí odó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ́rù kan fò jáde, ó bọ́ sílẹ̀. Láìpẹ́ imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ìkùn náà di ohùn, ohùn náà di ọ̀rọ̀.

"Ìwọ… ìwọ tí o kì í jẹ́ kí ọmọ èèyàn jókòó lórí àga… o mọ ara rẹ… gbẹ́rù rẹ."

"Ìyá Àgbà!"

"N kò dárúkọ ẹnì kankan."

Àjàlá ti fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. "Gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Dublin ló máa mọ ẹni tí kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó, Alàájà. Susan fúnra ẹ̀ á fọwọ́ kan ìdí ẹ̀."

Aisha pa fídíò náà rẹ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí Sìlífátù kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Ó gbé ọmọ odó sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀.

Arúgbó náà gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kò ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ ló ń gbé e. Ọwọ́ mi kọ́ ló ń gún un látọjọ́ yìí."

Omi ń sáré nínú àwo ìfọkòkò Sharon. Aisha wo odó, ó wo fóònù, ó wo ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kó ìtìjú bá a, nítorí pé ó jọ àfojúdi.

"Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo gún un ńkọ́?"

Sìlífátù gbé ojú sókè.

"Ẹni tó gún un ni wọ́n ní kó fọwọ́ síwèé," Aisha wí, ó ń sọ ọ́ sínú àyà ara rẹ̀. "Èmi… kò ṣòro fún mi láti dákẹ́."

"Òótọ́ ni," Àjàlá wí. "Ìdákẹ́jẹ́ ló fi ń jẹun."

Sìlífátù bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tún nẹ́ẹ̀tì orí Aisha ṣe, ó sì jókòó sórí àpótí kan. Kò ní kó ṣe é, kò ní kó má ṣe é.

Aisha ṣe Bìsìmílà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òun nìkan di ọmọ odó mú láìsí ohùn Ìyá Àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rò pé á rọrùn. Ṣùgbọ́n bí àìdan ṣe fọ́, tí òórùn dídùn rẹ̀ gòkè, ọ̀rọ̀ dé. Kò pè é. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, ọ̀rọ̀ Ráfátù tí kò rí rí, gbogbo rẹ̀ ló tò wá sórí ahọ́n rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ń ti ara wọn bí èrò tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Làkúrègbé wà níwájú. Òun Aisha, tí ọ̀rọ̀ máa ń sá fún, ló wá ń fi eyín há ahọ́n mọ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà jáde! Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó gún, ó gbé itọ́ mì, ó gún, ó tún gbé itọ́ mì, títí àgúnmu fi kúnná.

Ó na ọwọ́, ó pa fóònù.

"Ṣé o kò rán an?" Sìlífátù bi í.

"N kò rán an."

"Nínú ọkàn rẹ ńkọ́?"

Aisha kò lè purọ́ fún un. "Ó dé ẹnu mi, Ìyá Àgbà. Mo gbé e mì."

Sìlífátù wò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gidi, tó mú kí Sharon yíjú wò wọ́n. "Ó dára náà. Ìwọ lo gbé iṣẹ́ mì, ìwọ ló máa ṣiṣẹ́ fún. Jẹ̀díjẹ̀dí kò ní rí ìdí rẹ láéláé."

"Àmín o," ni Àjàlá wí.

Arúgbó náà tẹ ìka bọ inú odó, ó fi kan ahọ́n. Ó ń tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. "Ó ta. Kànáfùrù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Á dùn nínú ọbẹ̀ ẹja." Ó nu ìka rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe àgúnmu. O gbọ́? Kó o fi ránṣẹ́ o, n kò ní dí ọ lọ́wọ́. Má fi orúkọ ìyá mi sí i."

"Àwọn tó wà ní Dublin tẹ́lẹ̀ ńkọ́, Ìyá Àgbà? Bí mo bá fi fídíò yìí ránṣẹ́, tí mo fọwọ́ síwèé, wọ́n á kó wọn jáde nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á tà wọ́n."

"Ta ló gún ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Mo rán wọn níṣẹ́ àbí n kò rán wọn?"

"Ẹ rán wọn."

Sìlífátù kò dà bí ẹni tó ń bínú. Ó ń fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Aisha, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un bí ẹni fi ọmọ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kó dìde fúnra rẹ̀.

Aisha mú fóònù, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó pa á rẹ́. Ó rìn dé ìdí ilẹ̀kùn àbájáde, ó padà. Ìwé tí Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí fi ránṣẹ́ sórí fóònù, ìka kan péré ló kù tí yóò fi tẹ̀ ẹ́, gbogbo rẹ̀ á tán, kò ní sí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé kankan. Ó rántí bí Ìyá Àgbà ṣe bi Àjàlá léèrè hóró dókítà rẹ̀ láàárọ̀. Àjàlá wà níwájú rẹ̀ tó fi bi í. Ta ló máa bi àwọn ti Dublin? Wọ́n á gbọ́ "ẹ̀jẹ̀ ríru, sọ̀ kalẹ̀," wọn ò sì ní gbọ́ èyí tó kù.

Ó pe ọkùnrin náà.

"Ṣé fídíò ti wà?" Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí bi í.

"Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gún un, kì í ṣe màmá. Ọ̀tọ̀ ni. Àwọn ìgò tó wà lọ́dọ̀ yín, màmá bá wọn sọ̀rọ̀. N kò lè fọwọ́ sí i pé kò bá wọn sọ̀rọ̀."

"Aisha, Aisha. Nǹkan kan náà ló wà nínú wọn! Ẹ̀ẹ́rù kì í gbọ́ Yorùbá. Fọwọ́ síwèé, ọmọ yìí."

"Kì í ṣe nǹkan kan náà, sà."

"Lójú òfin…"

"Lójú màmá ni mò ń wí, sà. Ẹ dá wọn padà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n nù. Ohun tí mo gún lónìí, oúnjẹ ni. N kò tiẹ̀ fẹ́ kí ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ fítámì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èròjà ọbẹ̀ ni."

"Èròjà ọbẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ìwọ ọmọ yìí, nítorí ọbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń wá sọ́dọ̀ mi. Bí wọ́n bá gbé ìgò yẹn dání tí wọ́n ní kí ló ń ṣe, kí ni kí n sọ? Wọ́n ti ní n kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan."

"Ẹ ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn, sà."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Àpótí kan ni màá gbà," Ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí wí níkẹyìn. "Ìdí ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. N kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni orúkọ ẹ̀?"

Aisha bojú wẹ̀yìn. Sìlífátù ti yọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́, ó ti gbọ́ ohun tó gbọ́.

"Ẹni tó gún un ni kó sọ ọ́ lórúkọ," arúgbó náà wí, ó wọlé padà.

"Èròjà Soundview, sà," Aisha wí sínú fóònù.

Àpótí kan kò lè gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó mọ̀. Á lọ sí iléeṣẹ́ yẹn, á wọ ilé àjèjì, á wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá wọn sọ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí i síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lu ilẹ̀ bó ṣe dúró. Nígbà tó padà wọlé, Àjàlá ti jókòó sórí àpótí, ó ń fi nẹ́ẹ̀tì irun fẹ́ ara rẹ̀.

"Ta ló ń pariwo lórí fóònù báyẹn? Mo rò pé Sharon ni."

"Èmi ni, bọ̀dá."

"Ìwọ? Èdùmàrè. Wọ́n ń dá àwọn ìgò yẹn padà lóòótọ́?"

"Wọ́n ń dá wọn padà."

"Kí wọ́n tètè o. Kí ẹ kọ orúkọ mi sórí méjì nínú ẹ̀, kí ará Canarsie má baà ṣíwájú mi." Ó gbìyànjú láti dìde, ó kérora, ó tún jókòó. Ìyá Àgbà na ọwọ́ kan sí i, Aisha na ọwọ́ kejì, wọ́n jọ fà á dìde.